The Woman King: ogun inú ẹ̀ dáa, ìtàn inú ẹ̀ ló wọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ká yìn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fíìmù ogun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí mo ti wò kò kéré, àmọ́ ìjà inú The Woman King, fíìmù 2022 nípa àwọn obìnrin ogun Dàhòmì (ilẹ̀ ọba tó wà ní Benin òde òní), wọ̀ mí lára ju tiwọn lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan tó. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọkùnrin jókòó yí iná ká, koríko gíga dákẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ni Nanisca, ọ̀gá àwọn obìnrin ogun náà, bá yọ láàárín rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù dìde tẹ̀lé e, ara wọn ń dán fún epo kí ọwọ́ ọ̀tá má lè dì wọ́n mú. Viola Davis tó ṣe Nanisca ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọn ò sì fi pamọ́: ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọgbẹ́ ń dùn ún, ó ń jà bí àgbà tó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àdó la ti wò ó, a pọ̀ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dákẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ní ìjà náà ti mọ́ jù, pé wọ́n ń bẹ́ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ò sì tó nǹkan. Òótọ́ ni. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá náà lè wọlé wò ó ní Amẹ́ríkà, torí náà kámẹ́rà máa ń yíjú kúrò ní kété tí àdá bá fẹ́ balẹ̀. Ibi ẹ̀gún tí àwọn ọmọbìnrin náà là kọjá nígbà ìdánwò, tí aya àbúrò mi ń pè ní àsọdùn, kì í ṣe àsọdùn rárá. Àwọn òyìnbó tó ṣàbẹ̀wò sí Dàhòmì nígbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú àwọn ni àwọn obìnrin ogun wọ̀nyí ṣe gun òkìtì ẹ̀gún. Ohun tí fíìmù náà kéré sí ni ìbọn. Ìbọn ni ohun ìjà wọn gangan láyé Ghezo, ọba Dàhòmì, àmọ́ àdá ló dùn-ún wò jù, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan títí ọ̀gá ogun Ọ̀yọ́ fi jáde lórí ẹṣin, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ọba Adé.

"Ọba wo ló ń lọ sójú ogun? Kakaǹfò wá ń ṣe kí ni nílé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó tán."

"Mò ń wò ó. Mò ń bi yín ni."

Àwa tí a dàgbà ní Ìbàdàn, níbi tí oyè Balógun ti ní ọ̀nà tirẹ̀ títí dòní, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń hàn sí wa kíá. Àwọn tó ya fíìmù náà wá ìmọ̀ nípa ààfin Dàhòmì, ó hàn nínú aṣọ, ijó àti ilé. Ọ̀yọ́ ni wọn ò wádìí. Ẹṣin ni wọ́n gbà tọ́, torí ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi borí Dàhòmì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún tó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ ò ní rí ìyá kan, ọmọ kan, tàbí ilé kan tó jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Wọ́n kàn ń fi ẹṣin dé, wọ́n ń halẹ̀, wọ́n ń kú.

Ọdún 1823 ni wọ́n fi sí ìtàn náà. Lóòótọ́, láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Ghezo kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ tó kọ̀ fún ti ń wó lọ nígbà náà: Àfọ̀njá ti dìtẹ̀, Ìlọrin ti bọ́ lọ́wọ́ Aláàfin. Àwọn tí ogun lé kúrò lọ́hùn-ún wà lára àwọn tó wá kún Ìbàdàn lẹ́yìn tí àwọn ológun tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí 1829. Nínú fíìmù, ọ̀wọ́ obìnrin kan ló ṣẹ́gun òmìrán. Òmìrán náà ti ń ṣàìsàn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyẹn ṣì ṣeé fojú fò. Èyí tí n kò lè fojú fò ni òwò ẹrú. Fíìmù ní Nanisca ń bẹ Ghezo pé kó fi ẹrú sílẹ̀, kó gbájú mọ́ epo pupa, ọba sì ń gbọ́. Ghezo tí ìtàn mọ̀ gorí oyè ní 1818 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Francisco Félix de Souza, ará Brazil tó ń ra ẹrú ní Ouidah, ìlú etíkun Dàhòmì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dí etíkun rẹ̀ ló mú kó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1852, kò sì pẹ́ tí òwò náà tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa òbí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àínà, wọ́n sì mú un lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì, níbi tí ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti gbà á ní 1850, tó fi di Sarah Forbes Bonetta lọ́dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Ní 1851, àwọn obìnrin ogun yìí kan náà ló wá gbógun ti Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó kàn wọ́n nínú fíìmù náà.

Kì í ṣe pé ọwọ́ tiwa mọ́. Ọ̀yọ́ ta ẹrú, àwọn ológun Ìbàdàn kó ẹrú, oko Ẹfúnṣetán kún fún ẹrú. Ká ní wọ́n fi ẹ̀bi náà sí ìhà méjèèjì ni, ogun inú rẹ̀ ì bá wúwo sí i.

Aya àbúrò mi ní kí n fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, fíìmù ni, kì í ṣe kíláàsì. Ó ní òun ò gbọ́ nípa àwọn obìnrin náà rí kó tó di ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ère wọn tó ga ní ọgbọ̀n mítà wà ní Kútọnu níbí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èsì mi ni pé wọ́n lo orúkọ ọba tó wà láyé rí, wọ́n lo ọdún rẹ̀, wọ́n lo ìlú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ òmìnira àròsọ, kí wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó rárá ni mi ò bá lọ. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Ti eyín ẹja ńlá tí Nanisca rì mọ́ ọmọ rẹ̀ lápá tó wá di àmì ìdánimọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Irú ẹ̀ kún inú fíìmù àgbéléwò wa.

Ìjà, mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìtàn, mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ fi han ọmọ, ẹ kọ́kọ́ dá wò ó, torí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ wà nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ni Nanisca kì í fi í sùn lóru.