Búrẹ́dì Agége inú ọ̀rá: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yìn ín

Búrẹ́dì Agége tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí orúkọ ilé búrẹ́dì wà lára rẹ̀, ni mo ń yẹ̀ wò níbí. Irú èyí tí ṣọ́ọ̀bù àti súpámákẹ́ẹ̀tì ní Èkó ń tà ní owó tó ju ti àwọn tó ń kiri lọ. N kò ka búrẹ́dì gígé láti ilé iṣẹ́ ńlá mọ́ ọn. Èyí tó dára nínú wọn tó owó tí wọ́n ń pè é dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó dára àti èyí tí kò dára lè wọ irú ọ̀rá kan náà, kí wọ́n sì ga bákan náà lórí pẹpẹ.

Nítorí náà, ìwọ̀n ló ṣáájú. Ká ní ọ̀kan jẹ́ ₦1,500, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 750. Èkejì jẹ́ ₦1,200, ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ gíráàmù 500. Gíráàmù 100 ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ₦200, ti èkejì bọ́ sí ₦240. Èyí tó jọ pọ́ọ́kú gan-an ló wọ́n. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ rà á, torí omi ara rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń pẹ́ nílẹ̀. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n lọ́wọ́, ẹ gbé méjì tó ga bákan náà sí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì; ìyàtọ̀ bíi gíráàmù 200 kò lè fara sin.

Afẹ́fẹ́ ló ń mú búrẹ́dì tóbi láìwúwo, àwọn èròjà kan sì wà tí wọ́n ń fi sí ìyẹ̀fun kó lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Potassium bromate ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. NAFDAC ti fòfin dè é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é láti 1990, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO sì kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè fi ojú tàbí imú dá a mọ̀, ẹ má gbà á gbọ́: yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Fítámì C àti ẹ́ńsáìmù tí òfin gbà ń mú búrẹ́dì wú bákan náà. Ohun tí búrẹ́dì ńlá tó fúyẹ́ fi hàn kò ju pé afẹ́fẹ́ lẹ fowó rà.

Ibi tí búrẹ́dì Agége ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun rẹ̀. Omi rẹ̀ kì í pọ̀, ó máa ń le. Lẹ́yìn pípò, wọ́n á tì í gba àárín irin roboto méjì tó ń yí, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á tún tì í gbà, títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Ìtẹ̀ yìí ló ń lé ihò ńláńlá jáde, tí inú búrẹ́dì fi ń kì, tó sì ń fà. (Búrẹ́dì ṣíṣe ti pẹ́ ní Èkó o: Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ti ń ṣe é ní Ẹ̀búté Mẹ́tta láti 1921, kí Agége tó gba orúkọ mọ́ Ẹ̀búté Mẹ́tta lọ́wọ́.)

Ẹ má fi ọ̀bẹ dán an wò, ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á. Èyí tí wọ́n tẹ̀ dáadáa á ya ní fọ́nrán gígùn bí òwú. Èyí tí wọ́n kánjú ṣe á rún sílẹ̀. Bí ihò gbàgede bá wà lábẹ́ èèpo òkè, wọ́n jẹ́ kó wú kọjá bó ṣe yẹ, tàbí wọn kò ká a dáadáa kó tó wọ páànù. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ní ìlà tó tutù, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, kò jinná. Àárín búrẹ́dì gbọ́dọ̀ gbóná tó 93 sí 98 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó kúrò nínú ààrò, ẹni tó ń ṣọ́ owó gáàsì sì lè yọ ọ́ ṣáájú. Ní ti àwọn tó ń polówó pé ààrò onígi làwọn ń lò, n kò rí ìdí tí màá fi torí ìyẹn san kọ́bọ̀ lé e.

Ṣúgà kì í ṣe adùn nìkan, ó ń mú èèpo pọ́n. Sakarín, èròjà adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà, ń dùn, kì í mú nǹkan pọ́n, ó sì máa ń fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Èèpo tó funfun lè jẹ́ pé iná kéré. Ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì bá dùn rinrin, tí èèpo rẹ̀ funfun, tí ìkorò náà sì tẹ̀ lé e, ẹ yí ọ̀rá padà kí ẹ ka àkọlé èròjà. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ̀ bóyá búrẹ́dì wíìtì aláwọ̀ pákó tó owó tí wọ́n fi lé e: èròjà tó pọ̀ jù ló yẹ kó ṣáájú. Bí kò bá sí whole wheat níwájú, tí caramel sì wà lápá ìsàlẹ̀, àwọ̀ lásán ni.

Búrẹ́dì gbígbóná nínú ọ̀rá ń fa ojú mọ́ra, òun ló sì ń tètè bu. Búrẹ́dì ńlá nílò wákàtí méjì sí mẹ́ta láti tutù kí wọ́n tó dì í. Bí omi bá kán sínú ọ̀rá, ẹ fi sílẹ̀, àfi bí ẹ ó jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ dá a padà. Bí inú rẹ̀ bá ń fà bí ilá, tó ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n jù, kòkòrò àìfojúrí ti wọ̀ ọ́. Ẹ dà á nù, ẹ má yan án.

Fíríìjì kì í ṣe ibi ìpamọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń yára le. Ẹ gé e, ẹ dì í, kí ẹ fi sí fírísà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i lára, kí ẹ gbé e sínú ààrò tó gbóná tó 150 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ.

Pẹ̀lú ẹ̀wà aganyin, máàkì 5 nínú 5: èyí tó kì á gba epo dúró láìjá sínú abọ́. Fún sáńdíwíìsì, 2 péré. Kò ṣeé gé tín-ín-rín, adùn rẹ̀ sì máa ń bá ẹyin àti sàdíìnì jà. Búrẹ́dì gígé tó pọ́ọ́kú ni kí ẹ rà fún ìyẹn.