Ìwé pókà mẹ́ta tí mo rà, àti èyí tó kọ́ mi ní nǹkan

Ìwé mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, owó ara mi ni mo sì fi ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Super/System ti Doyle Brunson, The Theory of Poker ti David Sklansky, àti apá kìíní Harrington on Hold'em tí Dan Harrington àti Bill Robertie jọ kọ. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń kà wọ́n bọ̀. Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú Òdé. N kì í fi káàdì jẹun, mi ò sì ta á lówó rí. Ọmọ ayò la fi ń ta. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn eré yìí dọ́kàn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó náwó sórí ìwé tí kò bá a mu, torí pé ẹnì kan ṣá ti sọ fún un pé òun ló dára jù.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, Texas Hold'em ni èyí tí à ń ta. Káàdì 52 ni. Wọ́n á pín méjì méjì fún kálukú, ìwọ nìkan lo máa rí tìẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí mẹ́ta sáàárín, wọ́n á ṣí ẹyọ kan, wọ́n á tún ṣí ẹyọ kan, gbogbo èèyàn ló sì ni márààrún. Kí wọ́n tó ṣí èyí tó kàn, o lè fi owó sí i, o lè san iye tí ẹlòmíì fi sí i, o sì lè ju káàdì rẹ sílẹ̀. Ẹni tí káàdì márùn-ún tó mú nínú méjì ọwọ́ rẹ̀ àti márùn-ún àárín bá lágbára jù ló kó owó àárín, tàbí ẹni tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí gbogbo àwọn yòókù ti ju tiwọn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama ló kọ́ mi. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, a ó gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ìbàdàn Gáréèjì, a ó kó ọmọ ayò ọpọ́n méjì jáde, kálukú á gba 48. Ọmọ ayò yìí gan-an ló jẹ́ kí n rí ohun tó mú kí pókà ṣòro láti kọ́. Nínú ayò, kò sí ohun tó pamọ́. Gbogbo ọmọ ló wà lójú ọpọ́n, ọ̀ta á máa pa ọ̀pẹ títí ọ̀pẹ á fi gbọ́n. Bí o bá ṣì í ta, o máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Pókà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ẹ̀sì méjì, ìyẹn káàdì tí wọ́n kọ A sí, ni ọwọ́ tó lágbára jù lọ kí wọ́n tó ṣí káàdì àárín, síbẹ̀ bí o bá fi dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo tó mú káàdì èyíkéyìí, nǹkan bí ìgbà 15 nínú 100 lonítọ̀hún á ṣì jẹ ọ́. Ọ̀pẹ lè jẹ ọ̀ta láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èrè tàbí òfò ọjọ́ kan kò lè sọ fún ọ bóyá o ta á dáadáa. Ohun tí mo wá ń wá nínú ìwé nìyẹn: kó fún mi ní ohun tí mo lè fi wọn ìpinnu mi, yálà mo jẹ tàbí wọ́n jẹ mí.

Super/System ni mo kọ́kọ́ rà, torí òun ni gbogbo ẹnu ń pè. Ìwé ńlá ni. Brunson gba ìdíje àgbà nínú World Series of Poker ní Las Vegas lọ́dún 1976, ó tún gbà á ní 1977, kò sì dá ìwé náà kọ. Irú pókà kọ̀ọ̀kan ló fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù láti kọ: Chip Reese, Mike Caro, Bobby Baldwin, kódà Sklansky tí mo dárúkọ lókè náà kọ apá kan níbẹ̀. Brunson fúnra rẹ̀ kọ nípa hold'em tí kò ní òdiwọ̀n, níbi tí èèyàn ti lè ti gbogbo ohun tó ní síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni mo lọ tààrà.

Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé kí o máa kọlu àwọn tó kù, kí o máa fi owó lé wọn, kí àyà máa já wọn láti bá ọ wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo kà á di òru Sátidé, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè mo bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀. Mo mú káàdì tí kò jámọ́ nǹkan kan, mo ti ọmọ ayò mẹ́wàá síwájú. Tíṣà wò mí, wọ́n ka mẹ́wàá tiwọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Mo tún ti mẹ́wàá. Wọ́n tún ka mẹ́wàá, wọn ò kánjú. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ọmọ ayò 48 mi ti wà níwájú wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹni tí kì í sá lò ń dẹ́rù bà."

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé náà tí ojú mi ò sì tó o. Ẹni tí tábìlì ti mọ́ lára ló kọ ọ́, ó ń fi ohun tí ojú rẹ̀ ti rí sọ̀rọ̀: ó mọ ẹni tó ń gbọ̀n, ó mọ ẹni tí kò ní jù ú sílẹ̀ láé. Èmi ò tíì mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀. Mo ṣì ń ka ìwé náà, ìgboyà inú rẹ̀ máa ń gbé mi dìde. Àmọ́ bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́, má fi òun bẹ̀rẹ̀.

The Theory of Poker jáde lábẹ́ orúkọ yẹn lọ́dún 1987. Ọ̀rọ̀ kan ló dúró lé: ká ní o rí káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹni kejì, báwo ni ò bá ṣe ta á? Ìgbàkígbà tí o bá ta á yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, òun ló jèrè. Ìgbàkígbà tí òun náà bá ta á yàtọ̀ sí bí ì bá ṣe ta á ká ní ó rí tìẹ, ìwọ lo jèrè, kódà bó bá kó owó àárín lọ lọ́jọ́ náà. Mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tí mo ti ń wá gan-an nìyí.

Kì í ṣe ìwé tó rọrùn o. Kì í ṣe hold'em nìkan ló ń sọ. Ó ń mú àpẹẹrẹ láti inú oríṣiríṣi pókà tí a kì í ta rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní òdiwọ̀n lórí iye tí èèyàn lè fi sí i. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo ibi tí mo bá ti rí eré tí mi ò mọ̀ ni mò ń fò. Ìyẹn kò dára, torí inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyẹn ni àlàyé wà. Nígbà kejì, mo fi sùúrù kọ́ òfin àwọn eré yẹn ná, kí n tó ka àpẹẹrẹ wọn.

Orí tó níye lórí jù fún mi ni èyí tó sọ nípa iye tó wà láàárín àti iye tí wọ́n ní kí o san. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ayò ṣàlàyé rẹ̀ bí èmi àti Tíṣà ṣe ṣe é. Háàtì méjì, ìyẹn káàdì tí wọ́n ya àmì ọkàn pupa sí, wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ṣí mẹ́rin sáàárín, méjì nínú wọn jẹ́ háàtì, ó ku káàdì kan péré. Bí háàtì kan bá jáde sí i, mo ti ní márùn-ún, flọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ká sì gbà pé màá jẹ. Háàtì 13 ló wà nínú páàkì, mo ti rí 4, ó ku 9. Káàdì tí mi ò tíì rí jẹ́ 46: 9 á gbè mí, 37 kò ní gbè mí. Ọmọ ayò 24 wà láàárín, Tíṣà wá fi 6 kún un. Ṣé kí n san 6? Bí a bá ṣe é nígbà 46, màá jẹ 30 nígbà 9, 270 nìyẹn. Màá pàdánù 6 nígbà 37, 222 nìyẹn. Èrè mi jẹ́ 48, ọmọ ayò ọpọ́n kan gbáko. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 24 ni Tíṣà fi kún un, 48 ni màá jẹ nígbà 9, ìyẹn 432; màá sì pàdánù 24 nígbà 37, ìyẹn 888. Káàdì kan náà ló wà lọ́wọ́ mi o. Àmọ́ òfò 456 ló délẹ̀ yìí.

A ò fi í mọ sórí ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a yọ káàdì mẹ́fà náà sọ́tọ̀, a ń po 46 tó kù, a ń ṣí ẹyọ kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ. A ṣe é nígbà 100. Háàtì jáde nígbà 22. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá fi ọmọ ayò síwájú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí n ka èyí tó wà láàárín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Iléyá dé. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú Òdé mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún aránṣọ: ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí kò fẹ́ kí aṣọ tiwọn yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni mi ò ṣí ìwé kankan. Nígbà tí mo padà sídìí wọn, gbogbo ohun tí mo fi ojú lásán kà ti ṣàn lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Àwọn orí tí mo fa ìlà sí nídìí, àfi bíi pé mi ò rí wọn rí. Àmọ́ ti háàtì 9 yẹn wà digbí. Mo wá mọ̀ pé ìwé tó máa ṣe mí láǹfààní ni èyí tó máa fún mi níṣẹ́ ṣe.

Bí mo ṣe ra ti Harrington nìyẹn. Apá kìíní jáde lọ́dún 2004. Harrington gba ìdíje àgbà tí Brunson gbà yẹn lọ́dún 1995, ó ṣe ipò kẹta ní 2003 láàárín èèyàn 839, ó sì ṣe ipò kẹrin ní 2004 láàárín èèyàn 2,576. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn, kì í ṣe orí rere nìkan ló gbé e débẹ̀. Robertie tí wọ́n jọ kọ ọ́ ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú backgammon, eré ọpọ́n tí wọ́n ń da dáìsì ta. Ó ti mọ́ ọn lára láti ya ọgbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára kádàrá, ó sì hàn nínú ìwé náà.

Bí wọ́n bá ṣàlàyé tán, wọ́n á gbé ìbéèrè kalẹ̀: ibi tí o jókòó sí, káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ, iye tó wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ ti ṣe. Kí lo máa ṣe? Ìdáhùn wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mo máa ń fi páálí tí mo fi gé àwòṣe ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì bo ìdáhùn yẹn. Màá to rílì òwú yí tábìlì ká, rílì kan fún ẹnì kan, màá kó ọmọ ayò síwájú wọn, màá sì kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi. Lẹ́yìn náà ni màá tó ṣí páálí. Ìdí yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí mo ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gba ìdáhùn tí ìdí mi sì jìnnà pátápátá sí tiwọn, màá sì fún ara mi ní òdo.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní, ọwọ́ ẹni tó tà á fún mi ló wà. Ó ní ojúlówó ni, mo san ₦14,000. Fọ́tòkọ́pì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ló dé, ó sì tó nǹkan bí ogún ojú ìwé tó fò níbẹ̀. Mo pè é títí, kò gbé e. Ìbéèrè márùn-ún ni ìdáhùn wọn bá ojú ìwé tó fò lọ. Ó bí mi nínú gan-an, ṣùgbọ́n Tíṣà ní ká fi orí ara wa dáhùn wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é. Wọ́n á kọ tiwọn, màá kọ tèmi, a ó wá jiyàn títí oúnjẹ á fi tutù. Nígbà tí ẹnì kan tí wọ́n ti kọ́ níwèé rí bá wọn mú ojúlówó wá láti Èkó, a ṣí i wò: méjì péré la gbà nínú márùn-ún. Àwọn mẹ́ta tí a ṣì, mi ò lè gbàgbé wọn láé.

Ìwé ìdíje ni o, ẹ kíyè sí i. Nínú ìdíje, bí tìẹ bá tán, o ti jáde nìyẹn. Kò sí pé o máa ki ọwọ́ bàpò. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ọmọ ayò 48, òun ló fi bá wa mu. Ẹni tó ń ta irú èyí tí wọ́n ti lè kówó kún un níláti wá ìwé mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta á báyìí máa ń sọ pé Harrington ń ṣọ́ra jù, torí àwọn ìwé tuntun bíi Modern Poker Theory ti Michael Acevedo, tó jáde ní 2019, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Tíṣà ní in lórí fóònù wọn, mo yẹ̀ ẹ́ wò, àtẹ lórí àtẹ ni. Ìgbà tí mo bá mọ ohun tí mò ń bi àtẹ náà ni màá padà sí i.

Màmá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ káàdì rárá. Tẹ́tẹ́ ni lójú tiwọn, mi ò sì bá wọn jiyàn, torí mo mọ ẹni tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gba owó ilé ìwé ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ayò ló wà lórí tábìlì wa, òun náà ló sì máa wà níbẹ̀.

Apá kejì ti Harrington, èyí tó jáde ní 2005 tó dá lé ìparí ìdíje, ni mò ń wá báyìí. Mo ti rí ẹnì kan tó ń tà á ní Èkó. Mo ní kó ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìparí ránṣẹ́ sí mi kí n tó sanwó. Ó ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Mo ń retí méjì tó kù.