Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n ń ta ẹ̀dà Ítálì bí ojúlówó Griswold

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìbọn ìléwọ́ oníyípo ti ayé ẹ̀tù bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní Griswold, ìbọn ayé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tà. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì 6,500 dọ́là.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ara ṣakabùlà bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ òórùn ẹ̀tù, ó sì lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kó ẹ̀dà ìbọn àtijọ́ jọ níbí, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Uberti àti Pietta, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará agbègbè Brescia ní Ítálì, ló pọ̀ jù nílé mi. Wọn kò fi irú ẹni tí wọ́n jẹ́ pamọ́: àmì ilé ìdánwò ìbọn ń bẹ lára wọn, pẹ̀lú PN tó túmọ̀ sí ẹ̀tù dúdú, àti lẹ́tà méjì tó ń sọ ọdún (AA ni 1975). Ẹni tó bá họ àmì yẹn dànù ni olè.

Griswold nìkan ni ojúlówó tó wù mí ní. Ẹ̀rọ òwú ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, nítòsí Macon, ń ṣe kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó dé. Láti 1862 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn fún àwọn ará Gúúsù, wọ́n sì fi idẹ ṣe ara rẹ̀ nítorí irin wọ́n. Nínú òṣìṣẹ́ 24, ẹrú ni 22. Èèyàn dúdú bíi tèmi! Ohun tí ọwọ́ wọn ṣe ni mo fẹ́ gbé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun Àríwá dáná sun ilé iṣẹ́ náà ní oṣù kọkànlá 1864, ìbọn tí wọ́n sì ṣe kò tó 4,000.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ọkùnrin tó ta ìbọn náà fún mi kó tó ṣí àpótí. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ ló kó lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé ni mo tú ọ̀pá ìkìbọn kúrò. Irin abẹ́ rẹ̀ ti jin díẹ̀, ó ń dán, ìdajì lẹ́tà P kan sì ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ìpẹtà bo ìbọn náà káàkiri, pupa rẹ̀ dọ́gba bí ohun tí a kùn, fínígà àti iyọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yíká ibi tí à ń fi kápù (ohun kékeré tó ń tan iná sí ẹ̀tù) sí, níbi tó yẹ kí iná ẹ̀tù ti jẹ irin jù, ńṣe ló mọ́ tónítóní. Mo tú sùkúrúù, ìwọ̀n mílímítà ni. Ta ló ń fi mílímítà ṣe ìbọn ní Georgia nígbà yẹn?

Idẹ ojúlówó pọ́n díẹ̀ nítorí bàbà inú rẹ̀ pọ̀. Tèmi yìí pupa rúsúrúsú bí òrùka tuntun. Wọ́n máa ń lọ́ irin sìlíńdà Griswold (ibi tó ń yí, tí ọta ń wà) nígbà tó bá gbóná, ìlà ìlọ́ náà sì máa ń hàn. Kò sí àwòrán ogun ojú omi lára rẹ̀, ti ìbọn Colt nìyẹn. Ìwọ̀n ẹnu Griswold sì ni .36 íńṣì; bí wọ́n bá ní .44 ni, ẹ kúrò níbẹ̀.

Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka irú ìbọn yìí àti ẹ̀dà rẹ̀ sí ohun àtijọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè tà á láìní ìwé àṣẹ (àwọn ìpínlẹ̀ kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ). Kò sí ìwé kankan tí mo lè fi wá a. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Bí ẹni tó ń ta ìbọn bá jẹ́ kí ẹ tú u lójú òun, ẹ tú u. Bó bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Mo rí méjì mìíràn nínú àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, idẹ wọn pupa rúsúrúsú bíi tèmi gan-an. Àwọn yẹn ṣì wà nígboro.