Kọ́mbì tàbí bọ́ílà alágbá? Ẹ kọ́kọ́ wọn omi ilé yín

Bọ́ílà ni ohun tó ń fi gáàsì mú omi ilé gbóná. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Kọ́mbì kò ní agbá, bí ẹ bá ṣe ṣí ẹ̀rọ omi ló ń mú omi gbóná. Sístẹ́ẹ̀mù ń tọ́jú omi gbígbóná sínú agbá, ṣùgbọ́n agbára omi tó ń wọlé láti ìta ló ń tì í jáde. Ẹ̀kẹta ni ti àtijọ́, tó ní agbá nílẹ̀, tó tún ní táńkì omi tútù lókè àjà. Mo lo kọ́mbì fún ọdún mẹ́rin, ti àtijọ́ ló wà nílé mi báyìí. Sístẹ́ẹ̀mù, ilé àbúrò mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè gáàsì tó ń jẹ. Èmi o, omi ló jẹ mí lówó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì wà lábẹ́ ṣáwà, ọṣẹ bo gbogbo orí rẹ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná kí n fi ṣan ife kan péré. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ẹ̀rọ yẹn!" Ṣáwà tó ń dà ṣùrùrù ti ń kán tó, tó. Ojoojúmọ́ la ń bá a fà á. Ẹni tó ń bá wa tún bọ́ílà ṣe ní agbára kọ́mbì wa, kìlówáàtì 24, ló kéré, kí n gbé ti 35. Mo gbé e. Owó lọ rẹpẹtẹ, ìyàwó mi sì ń pariwo bó ṣe ń pariwo tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí owó ti lọ tán ni mo tó gbé garawa. Lítà 8 péré ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan! Bẹ́ẹ̀, kọ́mbì kìlówáàtì 24 lè fi dígírì 35 kún ìgbóná omi tó tó lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Ti kìlówáàtì 35 lè ṣe bíi lítà 14. Omi tí mo ní kò tó èyí tó kéré gan-an lò, mo wá lọ ra ńlá. Bọ́ílà kì í ṣe kànga.

Nítorí náà, ẹ wá garawa tí ẹ mọ iye lítà tó ń gbà. Ẹ lọ síbi ẹ̀rọ omi tútù tó sún mọ́ ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ ṣí i tán pátápátá fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é láàárọ̀, nígbà tí àwọn aládùúgbò náà ń wẹ̀, nítorí omi alẹ́ máa ń tan ènìyàn. Bí kò bá pé lítà 10, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́mbì tàn yín. Sístẹ́ẹ̀mù náà kò ní gbà yín, torí omi ìta kan náà ló gbójú lé. Táńkì òkè àjà ní tirẹ̀ á rọra kún ní gbogbo òru, á wá tú u sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pé mo ní láti fi pọ́ǹpù sí ṣáwà tèmi, ó sì ń kùn bí oyin.

Ti àyè, kọ́mbì ló borí. Ti gáàsì náà, òun ni, torí bó ti wù kí ẹ fi aṣọ bo agbá tó, ooru á máa jáde lára rẹ̀. Bí omi agbá bá tán, ẹ jókòó dè é. Ẹ má sì jẹ́ kí ìgbóná omi agbá dín sí dígírì 60, kí Legionella, kòkòrò àrùn tí ojú kò rí, má baà rí ibẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n bí kọ́mbì bá bàjẹ́, omi tútù lẹ máa wẹ̀. Agbá sábà máa ń ní irin iná mànàmáná tó lè mú omi gbóná, kó gbà yín sílẹ̀.

Ẹni tó ń dá gbé, tó ní balùwẹ̀ kan, tí omi rẹ̀ sì ń wọlé bíi lítà 15, kó ra kọ́mbì. Ilé tí ẹni méjì ti ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, agbá ni.

Bọ́ílà tó wà nílé mi báyìí, kìlówáàtì 15 ni. Mo ń ṣan ife nígbà tó bá wù mí.