Column, bead olóòfà àbí CTAB: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún sáńpù tó lágídí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kíìtì tẹ́ ẹ máa fi yọ DNA fún sequencing (kíka lẹ́tà inú DNA), kẹ́ ẹ tó bèèrè èló ni, ẹ kọ́kọ́ mọ irú sáńpù tẹ́ ẹ ní ná. Ẹ̀jẹ̀ tútù ò ní wàhálà, ẹ ṣáà rí i pé tíúbù EDTA ni wọ́n gbà á sí, torí heparin, oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, máa ń dí PCR (ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA di púpọ̀) lọ́wọ́. Ewé, iyẹ̀pẹ̀ àti ẹran ara tí wọ́n ti rẹ sí formalin ló ń jẹ owó èèyàn.

Spin column, tíúbù kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí, ló rọrùn jù lóòótọ́. DNA á lẹ̀ mọ́ silica (èròjà bíi gíláàsì) inú ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ó tán. Fún Illumina ó dáa gan-an torí DNA kéékèèké náà lẹ̀rọ yẹn ń kà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Nanopore tàbí PacBio HiFi tó máa ń lo ègé bíi 15 sí 20 kb (kb kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà DNA), ẹ rántí pé column máa ń já DNA tó gùn, omi ewé tó bá sì ki máa ń dí i pa.

Bead olóòfà, ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní tí DNA ń lẹ̀ mọ́, lèmi fara mọ́ jù tí sáńpù bá pọ̀, torí ẹ lè ṣe 96 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣeé gbé fún rọ́bọ́ọ̀tì. Òòfà tó ń fa bead sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í sábà sí nínú kíìtì o, ẹ bèèrè. Tẹ́ ẹ bá ti fa ethanol kúrò, ẹ tẹjú mọ́ bead yẹn: tó bá ṣì ń dán, ó kù díẹ̀, tó bá ti sán bí amọ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti gbẹ jù nìyẹn, DNA ò sì ní jáde tán.

Ewé tó ń dúdú bí ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́, CTAB (kẹ́míkà bí ọṣẹ tó ń tú sẹ́ẹ̀lì ewé) pẹ̀lú PVP (tó ń gbá ohun tó ń mú ewé dúdú mú) ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi bead fọ̀ ọ́. Ó ń gba àkókò, chloroform tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sì ń fẹ́ fume hood (àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà jáde), tí ẹ ò bá ní, ẹ má dáwọ́ lé e.

Ti iyẹ̀pẹ̀, kíìtì tó ń yọ humic acid (ohun dúdú inú iyẹ̀pẹ̀) ni kẹ́ ẹ rà, torí tí DNA bá jáde ní àwọ̀ tíì, enzyme ò ní ṣiṣẹ́. Ti formalin, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni, kó ní UDG (enzyme tó ń yọ lẹ́tà C tó ti bàjẹ́ kúrò nínú DNA), torí láìsí i, C tó ti bàjẹ́ á máa fara hàn bíi lẹ́tà T, ẹ ó sì rò pé mutation ni.

NanoDrop, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn DNA, nìkan ò tó láti fi dán an wò. 260/280 (nọ́ńbà tó ń sọ bí DNA ṣe mọ́ tó) lè wà ní 1.8 kí DNA má pọ̀ tó bó ṣe sọ, ẹ fi Qubit, ẹ̀rọ tó ń wọn DNA nìkan, kún un. Tí ẹni tó ń tà bá ní páàkì kékeré, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ sì fi sáńpù yín tó burú jù dán an wò.