Asẹ́ Íntánẹ́ẹ̀tì Lórí Fóònù Ọmọ: Ohun Tí Mo Rí Láàárín Oṣù Mẹ́sàn-án

Ní àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, a ra fóònù Android kan ní Takie, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, fún ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, nítorí pé orí WhatsApp ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo bá a ní pálọ̀ níbi tó ti ń wo èsì bọ́ọ̀lù, tí ìpolówó tẹ́tẹ́ sì ti bo ìdajì ojú fóònù náà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fún èèyàn lówó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀?" Àyà mi já. Àwòrán ìhòòhò ni mo ti ń bẹ̀rù látìgbà tí a ti ra fóònù náà; tẹ́tẹ́ kò sí lọ́kàn mi rárá.

Áàpù tí mo kọ́kọ́ gbà láti fi ṣọ́ fóònù náà jẹ́ èyí tí à ń sanwó fún lóṣooṣù, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá tẹ̀, ó ń fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sì ń ti ojú ewé èyíkéyìí tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ṣe ògì tà ni mo dàgbà sí, mo sì mọ̀ pé aṣọ tí ojú rẹ̀ bá há jù kì í jẹ́ kí ògì jáde, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ jù yóò jẹ́ kí eèrí bá ògì lọ. Ojú ti áàpù yìí há jù. Nígbà tí ọmọ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ẹ̀yà ara ìbísí, gbogbo ojú ewé tó ṣí ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan kọ sí i nípa ìjà tó wà láàárín àwọn òbí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbàlagbà mìíràn gbọ́. Ojú tì mí, mo sì yọ áàpù náà lọ́jọ́ kejì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń yọ owó ní àkáǹtì mi, títí mo fi lọ sí báńkì láti ní kí wọ́n ti káàdì yẹn pa.

Ohun tí a ń lò báyìí jẹ́ méjì tó ń ran ara wọn lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Èkíní ni Family Link ti Google, tó ti wà láti ọdún 2017. Mo fi áàpù òbí sórí fóònù tèmi, mo sì so àkáǹtì ọmọ náà mọ́ tèmi. Láti ìgbà náà, kò lè gbé áàpù tuntun sórí fóònù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ti pààlà wákàtí tó lè fi lo fóònù lójúmọ́, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni fóònù náà ń ti ara rẹ̀. Ní ti YouTube, ìpele "Explore" tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 9 sókè ni mo yàn fún un. Family Link kì í jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí lórí áàpù àkọ́kọ́, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Èkejì ni asẹ́ DNS, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí fóònù bá fẹ́ ṣí ìkànnì kan, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà tí orúkọ ìkànnì náà dúró fún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà nínú ìwé. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn ni DNS. Bí ó bá kọ̀ láti sọ nọ́ńbà, ìkànnì náà kò ní ṣí. Ilé-iṣẹ́ Cloudflare gbé irú èyí kalẹ̀ fún ìdílé ní ọdún 2020: nọ́ńbà 1.1.1.3 ń dènà àwòrán ìhòòhò àti ìkànnì tó ń kó kòkòrò ran fóònù. Ó rọrùn láti lò, kò sì sí ìforúkọsílẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tẹ́tẹ́ ni wọ́n ṣe é, tẹ́tẹ́ ló sì gbé mi dìde. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí NextDNS, asẹ́ DNS mìíràn, níbi tí òbí ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan irú ohun tó fẹ́ dènà, tí tẹ́tẹ́ sì wà nínú wọn. Lónìí, ọmọ mi ṣì ń wo èsì bọ́ọ̀lù lórí ìkànnì kan náà. Ibi tí ìpolówó máa ń wà ti di funfun lásán. Ìbéèrè 300,000 ni wọ́n ń dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù kan. Bí ìdílé bá kọjá iye yẹn láìsanwó, fóònù á ṣì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n asẹ́ náà kò ní dènà nǹkan kan mọ́ títí oṣù tuntun á fi wọlé, nítorí náà ẹ máa wo iye tí ẹ ti lò. Fóònù mẹ́ta ló wà nínú ilé wa, a kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ibi tí wàhálà ti bá mi ni ibi tí ó yẹ kí n fi asẹ́ náà sí. MiFi wa, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé, kò ní àyè fún DNS mìíràn, mo sì fi odindi ọjọ́ Sátidé kan wá a lásán lórí 192.168.8.1, ojú ewé tí a ti ń tún ètò rẹ̀ ṣe. Bí mo bá tilẹ̀ rí i, ọmọ lè bọ́ sórí Wi-Fi aládùúgbò, kí asẹ́ ilé sì di aláìwúlò. Ojútùú wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Láti Android 9 lọ, àyè kan wà nínú Settings tí wọ́n pè ní "Private DNS". Ibẹ̀ ni a ó ti kọ orúkọ tí NextDNS fún wa, tí asẹ́ yóò sì máa bá fóònù lọ, ìbáà jẹ́ dátà ló ń lò tàbí Wi-Fi ẹlòmíràn. Ẹ rọra kọ ọ́ o, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá ṣì lè gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá.

Ọmọ tó bá mọ ibẹ̀ lè pa á. Tèmi pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ NextDNS, mo rí i pé kò sí ìbéèrè kankan láti aago mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà jókòó sí iwájú mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo pè é ní oríkì rẹ̀, mo ní, "Àjàní, ta ló kọ́ ẹ?" Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ilé ẹ̀yìn wa ló sọ fún òun pé íntánẹ́ẹ̀tì á yára sí i. Mo gbà á gbọ́. A jọ dá a padà síbẹ̀, mo fi ohun tí mo ń rí hàn án: orúkọ ìkànnì nìkan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń kọ. Ó tún rí i pé mo ti ṣètò rẹ̀ kí àkọsílẹ̀ náà máa pa rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà, kò tún pa á mọ́. Ní ti VPN, áàpù tó ń mú fóònù gba ọ̀nà mìíràn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì lè fo asẹ́ yìí, Family Link ló ń dá a dúró, nítorí pé ó ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó lè gbé e wọlé.

Ohun kan wà tí méjèèjì kò lè ṣe. Orúkọ ìkànnì nìkan ni DNS mọ̀, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fídíò burúkú tí ẹnìkan bá fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì yóò kọjá láìsí ìdíwọ́, nítorí náà mo ní kí ó máa fi gúrúùpù náà hàn mí lọ́jọ́ Àìkú, a sì jọ máa ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lo iPhone, Family Link kò lè ṣàkóso rẹ̀ bí ó ti ń ṣàkóso Android. Screen Time, ètò ìṣàkóso òbí tó wà nínú iPhone fúnra rẹ̀, ni kí ẹ lò. NextDNS ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gba èmi tó bí ìṣẹ́jú ogójì láti ṣètò ti Android wa, láìka ọjọ́ Sátidé tí MiFi gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti àbúrò rẹ̀ obìnrin.