Ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà: èwo ni kí owó yín lọ sí?

Kí náírà tó já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìbéèrè yìí kò le rárá. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tó a ra tòkunbọ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó a ra èyí tí wọ́n ti lò níbí. Dọ́là kan ò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báǹkì nígbà náà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e bọ̀, iye tí dọ́là bá jẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé owó tó ń ra ojúlówó tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, tòkunbọ̀ tó ti fara gbá ló ń rà báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, fún ẹni tó ń ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ àti ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ èyí tó ti gbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí a tó lọ jìnnà. Bí owó bá dọ́gba, ọkọ̀ tí wọ́n ti lò níbí ni mo fara mọ́, tó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín gan-an lẹ ti fẹ́ rà á, tí ẹ sì lè bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tòkunbọ̀ borí bí owó yín bá gbé e dé ibi tí ẹ ti lè ra èyí tí kò ní jàǹbá ńlá, tí nǹkan gidi á sì tún kù lápò.

Ibi tí tòkunbọ̀ ti ń bọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó tò sí Bẹ́gà, lójú ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì, láti Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ti wá. Lọ́hùn-ún, bí ọkọ̀ bá ní jàǹbá tí owó àtúnṣe rẹ̀ sún mọ́ iye tí ọkọ̀ náà tó, iléeṣẹ́ adójútòfò kì í tún un ṣe mọ́. Wọ́n á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ lọ sí gbàǹjo, irú ti Copart. Ìwé rẹ̀ á gba àmì "salvage". Àwọn ará ibẹ̀ tó mọ̀ kì í fẹ́ sún mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń fa àwọn tó ń kó ọkọ̀ wálé mọ́ra. Jàǹbá nìkan kò ba ọkọ̀ jẹ́. Bọ́ńpà tó fọ́ tàbí iná ẹ̀yìn tó ya, páńẹ́ẹ̀lì bítà wa á tún un ṣe, kò sì ní hàn. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ọkọ̀ tí irin abẹ́ rẹ̀ ti wọ́, tàbí èyí tí ẹ́àbáàgì rẹ̀ ti bẹ́, tí wọ́n kàn wá fi dáṣíbọ́ọ̀dù mìíràn bo ojú ihò. Ẹ lè wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìmọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó máa gba àyà yín.

Nítorí náà, nọ́ńbà ṣáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì tún wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí méjèèjì bára mu. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. 2 ni Kánádà, J ni Jàpáánù. Ẹ kà á dé ìkẹwàá, òun ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 jẹ́ 2005, 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Wọn kì í lo I, O tàbí Q níbẹ̀ rárá, torí náà bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà náà sínú Google. Nígbà mìíràn, àwòrán ọkọ̀ náà bó ṣe rí lọ́jọ́ gbàǹjo á yọ sí yín, pẹ̀lú imú tó ti rún wọlé. Bí kò bá yọ, ẹ ra ìròyìn rẹ̀ lọ́dọ̀ Carfax, iléeṣẹ́ tó ń ta ìtàn ohun tí ọkọ̀ ti là kọjá, tàbí irú wọn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀.

Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ náà ti gbé pẹ̀lú. Ní Kánádà, ní Michigan àti New York, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ wò. Bí irin bá ń ṣí bí èèpo, ẹ máa lọ. Ọkọ̀ tó bá ní wáyà kúkúrú kan tí orí rẹ̀ rí bíi ti áyọ́ọ̀nù, tó yọ níwájú nítòsí gíríìlì, ibi òtútù líle ló ti wá: iná ni wọ́n ń kì í sí ní alẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè móoru. Ti Texas àti Florida kì í sábà ní ìpẹtà iyọ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni ìjì ńlá àti omíyalé wà. Ìjì Harvey ti ọdún 2017 ri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sómi ní agbègbè Houston. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tí kò fi ní lè wá mọ́. Ibi tó kẹ́yìn yẹn, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí rẹ̀. Bí omi bá ti wọlé rí, ẹrẹ̀ tó gbẹ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sípéà táyà kúrò nínú búùtù, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó máa ń ṣi àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ lọ́nà: máílì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, kìlómítà ni ti Kánádà. 140,000 tí ẹ rí lórí ti Amẹ́ríkà lé ní 225,000 kìlómítà.

Ohun tí ìgboro wa ń fi ọkọ̀ ṣe

Ọkọ̀ tó ti rìn ní Èkó tàbí Ìbàdàn fún ọdún mélòó kan, kòtò ti bá ṣọ́ọ̀kì àti búṣìn rẹ̀ jà. Ìyẹn kì í bà mí lẹ́rù, torí ohun tí ẹ lè lọ rà kí ẹ sì pààrọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ́ńjìnnì àti gíà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ohun tó ń pa wọ́n ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nínú oòrùn, àti àwọn àtúnṣe jẹ́-ká-lọ tí wọ́n ti ṣe sí wọn.

Ẹ wo èyí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ gbóná jù, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀; bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, epo náà kò sì sí ní iye tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní 2023. Lẹ́yìn ìyẹn, ríwáyà á so fáànù tààrà, kó lè máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣíná ọkọ̀ títí ẹ ó fi pa á. Ọkọ̀ tí ẹ bá bá méjèèjì lára rẹ̀, ó ti gbóná rí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nígbà wo, ta ló sì ṣe é.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì ti bẹ ẹni tó ni ín pé kó má ṣíná rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi pa mọ́, torí ọkọ̀ tó ń ṣòro í ṣí ní òwúrọ̀ kì í ṣòro mọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bí ó bá tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀. Kúláńtì máa ń ní àwọ̀, pupa tàbí ewé. Omi tó pọ́n bí ẹrẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń dà síbẹ̀, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bíi mílíìkì lábẹ́ rẹ̀, omi lè ti máa wọ inú ọ́ìlì, iṣẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló sì sábà máa ń jẹ́.

Kí ẹ tó ṣíná, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn kí ẹ́ńjìnnì tó dìde. Gbogbo àmì ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn: ti ẹ́ńjìnnì, ti ẹ́àbáàgì, ti ọ́ìlì, ti bátìrì. Bí ti ẹ́ńjìnnì tàbí ti ẹ́àbáàgì kò bá tàn rárá, wọ́n ti lè gé e, kí ẹ má bàa mọ̀ pé ó ń pariwo. Ibí yìí ni àwọn olùrà tí mo mọ̀ máa ń sáré kọjá jù, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan kò pé tí ẹ ó fi ṣe é. Irú àyẹ̀wò kan náà bá tòkunbọ̀ mu.

Lẹ́yìn náà ẹ wà á, kì í ṣe yíká àdúgbò lásán. Ẹ wà á títí tí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa, pẹ̀lú ẹ́ẹ́sì ní títàn, kí ẹ wọ inú súnkẹrẹ díẹ̀. Gíà tó ti rẹ̀ kì í fi ara hàn nígbà tó bá tutù. Bó bá gbóná ni yóò máa ta kìì bó ṣe ń pààrọ̀ láti ìkan sí èjì.

Ohun tí tòkunbọ̀ kò lè fún yín

Dílà tó ń ta tòkunbọ̀ kò mọ ẹni tó wa ọkọ̀ náà. Kò wà á rí ju láti èbúté dé ọgbà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ni àlòkù ìhín wà láàyè níwájú yín, ẹ sì lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: kí ló bàjẹ́ gbẹ̀yìn, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, kí ló dé tí ẹ fi ń tà á? Ẹ gba nọ́ńbà mẹkáníìkì rẹ̀, kí ẹ pè é níṣojú rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń kó lọ sí òkè òkun tọkọtaya, ọkọ̀ tó dára gan-an ti ń bọ́ sọ́jà lọ́wọ́ àwọn tí ọjọ́ ìrìn àjò wọn ti sún mọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ara wọn, kì í ṣe fún títà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò tíì tún kùn, tí gbogbo ìwé rẹ̀ sì wà ní orúkọ ẹni tó ń tà á, òun ni mo máa lọ wá kí n tó yà sí ọgbà dílà.

Ẹ rántí èyí náà: ọjọ́ tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà sí tòkunbọ̀, òun náà ti di àlòkù Nàìjíríà. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa san owó tòkunbọ̀ fún yín.

Ní ti irú ọkọ̀, èmi á ní kí olùrà àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Toyota Corolla ti 2003 sí 2008, yálà tòkunbọ̀ tàbí ti ìhín. Kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ẹ kò ní rí ní Ládípọ̀ ní Múṣín tàbí ní Aráròmí, Agodi Gate, n'Íbàdàn. Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle rẹwà, ó sì ní àyè, àmọ́ ẹ́ńjìnnì 2.4 ti 2007 sí 2009 a máa jẹ ọ́ìlì. Toyota fúnra rẹ̀ fi kún ọjọ́ gàráǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ sì wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Owó tó yẹ kó kù, àti táyà

Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún lẹ ní, ẹ wá ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin. Ti ìhín á gba ṣọ́ọ̀kì, búṣìn, kúláńtì àti tẹ́mósítáàtì tuntun. Tòkunbọ̀ á gba owó nọ́ńbà àti ìwé, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà, bátìrì lọ́pọ̀ ìgbà, àti táyà.

Táyà tòkunbọ̀ yẹ fún ìfura. Ní ibi tí òtútù wà, àwọn èèyàn a máa pààrọ̀ táyà bí àsìkò bá yí, wọ́n á fi ti ìgbà yìnyín sí i. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, torí inú òtútù tó wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 lórí Celsius ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé wá nígbà náà á bá a dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn táyà àlòkù tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà náà sì lè ní i nínú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta pẹ̀lú òdòdó yìnyín láàárín, ojú ọ̀dà gbígbóná òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọ́ ni ibi tó yẹ ẹ́. Á tètè jẹ, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà lè ní eyín dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Mẹ́rin tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó tó kù rà, kí ẹ tó ronú rédíò tàbí ìbòjú ìjókòó.

Ìwé

Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, àmọ́ èyí tó ń gba ọ̀nà Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé kò tíì tán. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín kódà lẹ́yìn tí ẹ ti fi nọ́ńbà sí i, owó tí ẹ san fún dílà kò sì ní padà wá. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ dílà, kí ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì inú rẹ̀ wé ti ara ọkọ̀, lẹ́tà dé lẹ́tà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ní ti àlòkù ìhín, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ àti ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ọkọ̀ ni kí ẹ gbà, ojúlówó, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. Kí ẹ sì ṣe ìyípadà orúkọ lọ́sẹ̀ tí ẹ rà á. Inú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ inú ìwé náà ni kí owó lọ. Bí wọ́n bá fún yín ní àkáǹtì ẹlòmíràn, ẹ ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀, tòun ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀.